Akọ́ládé Sáré Dé Alákijà

“Bọ̀dá, ẹ wọlé jàre! Ta ló ń lé yín?”

Onímàrúwà tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti ń bá Akọ́ládé bọ̀ láti Ṣẹ́kọ́ńdì Géètì ní Festac. Ó ń rọra wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akọ́ládé bí ẹni tó ń tẹ̀lé òkú lọ sí ibojì. Akọ́ládé kò dá a lóhùn. Kì í ṣe ìgbéraga o, èémí tí ì bá fi dáhùn ni kò sí. Ó kàn juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Ọkùnrin náà mi orí, ó tẹ iná mọ́tò rẹ̀, ó fi èéfín dágbére. Agbójú ló kù níwájú, ẹ̀yìn Agbójú ló sì tó kan Alákijà. Akọ́ládé kò tíì sáré kọjá Ṣẹ́kọ́ńdì Géètì rí láyé rẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ni Akọ́ládé ń lé. Ilé bàbá rẹ̀ ní Alákijà ló wà láti ìgbà òjò.

Ẹni tó bá mọ Akọ́ládé tẹ́lẹ̀, tó wá rí i láàárọ̀ Sátidé yẹn, á bú sẹ́rìn-ín ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ló ní ní Festac. Inú mọ́tò ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, ikùn rẹ̀ ló sì máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Búrẹ́dì tí wọ́n ń tà ní ìkángun 22 Road tó ń gbé, mọ́tò ló fi ń lọ rà á. Ó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ níṣẹ́ pé torí kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì ni Ọlọ́run ṣe dá ẹsẹ̀.

Nígbà tí dókítà sọ fún Sìlífátù pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kó máa rìn láràárọ̀, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó máa bá òun jáde nítorí ajá. Sìlífátù lè bá ẹnikẹ́ni wọ̀jà o, ṣùgbọ́n tó bá ti rí ajá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ̀, kò ní lè gbé e.

“Ìwọ ni dókítà ní kó máa rìn,” Akọ́ládé á wí bẹ́ẹ̀, á sì kọjú sí ògiri.

Sìlífátù bá ń dá rìn. Ìrìn di eré díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní, “Bàbá Fareedah, lọ́jọ́ kan, màá sáré láti ibí yìí lọ kí bàbá mi ní Alákijà.”

“Ta ló lé ẹ?” ni Akọ́ládé wí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Sìlífátù kò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ajá lé e ṣubú sínú gọ́tà ní ìdájí ọjọ́ kan. Orúnkún rẹ̀ bó. Ó jókòó sí etí gọ́tà náà, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Oorun ṣì wà lójú Akọ́ládé, ó ní kó wọ Màrúwà máa bọ̀. Sìlífátù wọ Màrúwà lóòótọ́. Kò sọ̀kalẹ̀ títí ó fi dé Alákijà.

Akọ́ládé rán àwọn àgbà sí i. Wọ́n fi mọ́tò lọ, wọ́n fi mọ́tò bọ̀. “Mi ò bá a jà,” ni Sìlífátù sọ fún wọn. “Ó rẹ̀ mí ni. Ẹni tí kò lè bá mi rìn dé ìta, kí ni mo ń bá a gbé fún?”

Ilé wá dákẹ́. Akọ́ládé kò mọ̀ pé òun máa ń gbọ́ sílípáàsì ìyàwó òun lórí táìsì, àfìgbà tí kò gbọ́ ọ mọ́. Kò mọ̀ pé Sìlífátù máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì, pé òun sì fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Àárò rẹ̀ sọ ọ́ débi pé, ní ìdájí ọjọ́ kan, ní àkókò tí obìnrin náà máa ń ṣílẹ̀kùn jáde, òun náà dìde. Fareedah, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, ti ra bàtà káńfáàsì kan fún un nígbà kan rí, kò wọ̀ ọ́ rí. Ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò sáré dé òpó iná kejì tó fi padà sílé, tó lọ nà gbalaja sórí táìsì. Ní ọjọ́ kejì, ó tún jáde, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe láràárọ̀ títí ó fi ń sáré dé Ṣẹ́kọ́ńdì Géètì.

Fareedah ló ń kọ́ ọ lórí fóònù. “Dádì, ẹ rọra máa sá a. Tí ẹ ò bá ti lè sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sáré, eré yẹn ti pọ̀ jù nìyẹn.”

“Ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀?”

Fareedah kàn ní òun fẹ́ lọ kàwé.

Nígbà tó dé Agbójú láàárọ̀ Sátidé yẹn, oòrùn ti mú, eruku títì Bádágìrì ti dà pọ̀ mọ́ òógùn lójú Akọ́ládé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dùn ún bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó dúró, ó di orúnkún mú. Kò mọ ìgbà tó nawọ́ sókè, Màrúwà kan sì dúró lójú ẹsẹ̀.

“Ibo lẹ̀ ń lọ, bàbá?”

Akọ́ládé la ẹnu láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ tí Sìlífátù ṣubú sí gọ́tà ló wá sí i lọ́kàn: wọ Màrúwà máa bọ̀. Ojú tì í níbi tó dúró sí, bí ẹni pé onímàrúwà náà gbọ́ ọ.

“Má bínú, máa lọ,” ló wí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kẹ́nikẹ́ni má tàn yín o, eré náà kò yá ju ìrìn lọ, ṣùgbọ́n eré ni.

Nígbà tó wọ ilé àwọn àna rẹ̀, Bàbá Àmúsà, bàbá Sìlífátù, jókòó síwájú ilé, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ó wo Akọ́ládé látòkè délẹ̀.

“Akọ́ládé? Mọ́tò ẹ bàjẹ́ ni?”

“Rárá sà. Mo sáré wá ni.”

“O sáré? Láti ibo?”

“Láti ilé wa, ní Festac.”

Bàbá dìde dúró. “Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, sà. Ẹ káàárọ̀, sà.” Akọ́ládé sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Bí àyà rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ báyìí, pajápajá mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

“Ó tó, dìde,” ni Bàbá wí. “Mo ti gbà.”

“Bàbá, mi ò lè dìde.”

“Mo ní mo ti gbà! Ẹ̀bẹ̀ yẹn ti tó.”

“Ẹsẹ̀ mi ni, sà! Ẹsẹ̀ mi!”

“Sìlífátù o!” Bàbá figbe ta. “Jáde síta o! Ọkọ ẹ fẹ́ kú sórí ìdọ̀bálẹ̀!”

Sìlífátù jáde tòun ti aṣọ ìnuwọ́ léjìká. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ káńfáàsì rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ náà mú, ó ń ti ọmọ ìka rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. “Ẹ má le ara. Ẹ máa mí.” Ó ṣe sí ìkejì bákan náà. Ìrora náà ń lọ, ṣùgbọ́n Akọ́ládé kò sọ fún un. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ yẹn ti kàn án kẹ́yìn.

“Kí lẹ fi wá?” ni Sìlífátù bi í.

“Ohun tí o dì mú yẹn.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo káńfáàsì tó pọ́n fún eruku, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn bí Akọ́ládé ṣe rò pé yóò dùn.

“Èmi ni mo ní màá sá a,” ló wí pẹ̀lẹ́. “Tèmi nìyẹn. Ẹ ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Mo mọ̀. O sọ ọ́, mo sì fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Má bínú, Sìlí. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí ni.”

“Báwo ló ṣe wá rí?”

“Ó jìn. Kò sì sẹ́ni téèyàn lè bá sọ̀rọ̀ lọ́nà.” “Àárò ẹ ń sọ mí. Ṣé wàá bá mi lọ sílé?”

“Rárá,” ni Sìlífátù wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun Akọ́ládé jù.

Ó mu omi, ó sinmi díẹ̀. Nígbà tó ní òun fẹ́ máa lọ, Bàbá Àmúsà wo ọmọ rẹ̀. “Àlejò tó fẹsẹ̀ wá, a kì í fi ojú lásán sìn ín. Sìn ín sọ́nà.”

“Ẹnu géètì ni mo máa dé o,” ni Sìlífátù wí, ó da gèlè borí.

Wọ́n dé ẹnu géètì. Kò dúró. Wọ́n dé ibi mọ́ṣáláṣí, ajá méjì sùn sábẹ́ ọkọ̀ akóyọyọ kan níbẹ̀. Sìlífátù bọ́ sí apá kejì ọkọ rẹ̀, ó di apá aṣọ rẹ̀ mú títí wọ́n fi kọjá. Akọ́ládé ń tiro, ìyàwó rẹ̀ ń dẹ ìrìn dè é.

“Ṣé o ṣì ń sáré?”

“Níbo? Ajá àdúgbò yìí ju ti Festac lọ. Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò sáré mọ́.”

“Ẹ̀jẹ̀ ẹ ńkọ́?”

“Ó tún ti lọ sókè.” Ó ń wo títì tó lọ sí Agbójú, bí ọmọdé ṣe ń wo ohun tí wọ́n gbé lé àjà. “Ó máa ń wù mí o. Mo máa ń jí ní àkókò yẹn, màá kàn jókòó sórí ibùsùn.”

Wọ́n dé etí títì. Sìlífátù dúró. “Ibi tí mo lè sìn yín dé nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ Màrúwà. Ẹsẹ̀ yín ò dá.”

Akọ́ládé wo Màrúwà tó tò sétí títì. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Àwọn ajá náà ti jáde lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n dúró sójú ọ̀nà gbangba.

“Ó yá, jẹ́ ká lọ,” ló wí.

“Síbo?”

“Mo fẹ́ sìn ẹ́ padà.”

“Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tiro yìí? Ẹ tún fẹ́ rin gbogbo ẹ̀ padà?” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sìlífátù kó tó mọ̀. “Ta ló lé yín?”

“Kò sẹ́ni tó lé mi. Mo kàn fẹ́ bá ẹ rìn ni.”

Sìlífátù bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ yíjú padà. Akọ́ládé mú apá ibi tí àwọn ajá wà. Ọ̀kan gbó, ẹsẹ̀ Sìlífátù kọ̀, Akọ́ládé dúró dè é títí ẹsẹ̀ náà fi gbà. Wọ́n jọ rìn títí wọ́n fi dé ẹnu géètì.

Ọwọ́ Sìlífátù ti wà lára irin géètì kó tó yíjú sí i.

“Sátidé tó ń bọ̀,” ló wí, “ẹ kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní tíì bá yín lọ sílé o. Ṣùgbọ́n màá ti wọ káńfáàsì mi dè yín.”

Ó wọlé. Akọ́ládé kọrí sí ọ̀nà Festac, ó ń tiro lọ.