Ọjọ́ Tí Ọlábánjí Jókòó sí Ìdí Dùrù Ìjọ

Ẹ wo Ọlábánjí! Ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Abújá, tí wọ́n mọ̀ ní Kútọnu, tí kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí nílé ara rẹ̀ ní Ìwó. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń tẹ kíbọọ̀dù lẹ́yìn akọrin ìyìn kan, láti ìlú dé ìlú. Bó bá wálé lónìí, bó bá di ọ̀tunla, á ti gbé báàgì. Ìwọ̀nba ọjọ́ tó bá sì lò nílé, ṣé ẹnu rẹ̀ á sinmi? Rárá o. Á jókòó sí pálọ̀ tòun ti awò dúdú lójú, á máa fi fọ́tò inú fóònù han àlejò: "Ẹ wò ó, èmi rèé lẹ́yìn ọ̀gá." Kí ni wọ́n ń wò? Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìkan ló hàn.

Sẹ̀gilọlá, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbé ilé ró. Olùkọ́ ni ní Ilé-Ogbó; ọ̀kadà ló ń gbé e lọ láràárọ̀, ọ̀kadà náà ló ń gbé e bọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Àdúrà, ọmọ ọdún méjìlá. Ohun tí Sẹ̀gilọlá ń fẹ́ kò ju kí ọkọ òun máa gbélé lọ. Ó ti sú u kó máa ṣe opó ọkùnrin tó wà láàyè.

Nígbà tí Tíṣà Ọlátúndé, bàbá àgbà tó ti ń tẹ dùrù ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn láti ìgbà tí Sẹ̀gilọlá wà lọ́mọdé, sọ pé ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, òun fẹ́ sinmi, inú obìnrin yìí dùn dé ọ̀run. Ìjọ ń wá ẹni tí yóò máa tẹ dùrù, tí yóò sì máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọ lórin. Iṣẹ́ olóṣù ni, kò sì ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ láti ilé wọn. Ó sáré lọ bá Díákónì Peter, alága ìgbìmọ̀ orin, ó kúnlẹ̀. "Sà, ẹ dákun, ẹ má wá ẹlòmíràn. Kò sí orin tí bàbá Àdúrà ò lè tẹ̀." Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ó ti dán an wò.

Díákónì ní kó wá lọ́sàn-án Sátidé, kí àwọn gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin. Tíṣà ránṣẹ́ sí i pé kó kọ́kọ́ wá fọwọ́ ba dùrù náà kí ọjọ́ tó pé. Ọlábánjí bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ lọ fọwọ́ bà lára pósí yẹn?" Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló lọ jókòó sí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, tó ń ròyìn Kútọnu fún àwọn tí wọ́n wá gẹrun.

Sátidé pé. Ọkùnrin wọ kóòtù, ó jókòó sí ìdí dùrù bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Àdúrà wà láàárín àwọn akọrin, Sẹ̀gilọlá àti Tíṣà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Díákónì. Ó ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun ń bọ̀. Díákónì pe orin ìyìn kan tí kò sí ọmọdé ìjọ tí kò mọ̀ ọ́n, Ọlábánjí sì na ìka. Ká má parọ́, ó kọ́kọ́ dùn. Àmọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin gbẹ́nu lé e, orin rì wọ ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin tó yẹ kí ohùn wọn ròkè wá ń kùn nínú ọ̀fun.

"Ó ti wálẹ̀ jù, ọmọ mi," Tíṣà wí. "Gbé e sókè díẹ̀."

Ọwọ́ òsì Ọlábánjí fi ojú dùrù sílẹ̀, ó ń wá nǹkan kiri ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Igi lásán ló bá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún wá a ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Igi!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń wá fún yín. Bọ́tìnì kan wà lára kíbọọ̀dù ayé òde òní: bí akọrin bá gbé ohùn sókè, wọ́n á tẹ bọ́tìnì náà, ẹ̀rọ á gbé orin sókè fúnra rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ò ní kúrò lójú kan. Ojú kan yẹn ni Ọlábánjí mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án, Abújá, Kútọnu, gbogbo ariwo yẹn, ojú kan ṣoṣo! Dùrù ìjọ ò sì ní bọ́tìnì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé orin sókè níbẹ̀, ìka rẹ̀ ló máa fi gbé e. Ó gbìyànjú ẹ̀, àwọn ìka bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì ran gbogbo wọn. Àdúrà dorí kodò.

"Dùrù yìí ti bàjẹ́!" Ọlábánjí dìde fùú. "Níbi táwa ti ń ṣeré, wọn ò lo irú èyí mọ́."

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Bánjí, ojú kan lo mọ̀ ọ́n tẹ̀, àbí? Kò burú. Ọ̀pọ̀ yín ló rí bẹ́ẹ̀. Máa wá bá mi nírọ̀lẹ́, oṣù mẹ́ta péré, wàá mọ ìyókù. Díákónì, ṣé a ò lè dúró dè é?"

Díákónì ní àwọn lè dúró. Ẹ gbọ́ ná! Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. "Ẹ ṣeun, sà" péré ló kù kó sọ.

"Èmi? Kí wọ́n máa kọ́ èmi ní do-re-mi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Sẹ̀gi, sọ fún wọn! Ṣebí ìwọ lò ń gbọ́ mi nílé. Ṣé dùrù yìí ò bàjẹ́ ni?"

Gbogbo ojú yí sí Sẹ̀gilọlá. Ìtìjú bò ó. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní dùrù bàjẹ́, iyì ọkọ òun á dúró, ọkọ fúnra rẹ̀ á sì lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà.

"Ẹ má bínú, sà. Dùrù ò bàjẹ́. Ọkọ mi ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọ."

Ọlábánjí ò dúró gbọ́ àmín. Nígbà tí ìyàwó àti ọmọ fi délé, ó ti ń di aṣọ sínú báàgì. "Ọ̀gá ti pè mí, a ń lọ sí Jọ́ọ̀sì." Ọ̀gá wo? Fóònù tí iná ti tán nínú rẹ̀ láti àárọ̀!

Sẹ̀gilọlá dì í lápá mú, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá Àdúrà, ẹ fi ọdún mẹ́sàn-án tẹ̀lé ọ̀gá yín. Ṣé ẹ ò lè fi oṣù mẹ́ta jókòó tì wá ni?"

"O ti dójú tì mí," ló fèsì.

Àdúrà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Dádì, àwa náà ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ Tíṣà. Kò le rárá. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

Ọlábánjí dúró, ó wo ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lára báàgì.

"Àwọn ọmọ tó fi mí rẹ́rìn-ín yẹn ńkọ́? Ṣé àwọn náà máa ń wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ló bá gbé báàgì kọ́ èjìká, ó jáde lọ dá ọ̀kadà dúró.