Ilé Èrò Màmá Hara

"Tó bá fi máa di ọ̀la tí ẹ ò tíì jẹun, Màmá, rọ́bà oúnjẹ ni wọ́n máa kì bọ̀ yín nímú." Morọ́láyọ̀ tún gbé ṣíbí súnmọ́ ẹnu Màmá Hara. Ìyá arúgbó náà rọra yíjú kúrò.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìyá ará Japan yìí wá sílé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Hyattsville, ní Amẹ́ríkà, níbi tí Morọ́láyọ̀ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, omi nìkan ló ń mu. Aaron, ọmọ rẹ̀, wá láti Kettering, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Ó ní iyè ìyá òun ti ra. Ilé èrò tí wọ́n bí i sí ló rò pé òun ṣì wà.

Morọ́láyọ̀ bi í pé irú ilé èrò wo ni. Aaron ní ìlú kékeré kan ni, láàárín òkè, lójú ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Ibẹ̀ làwọn ìjòyè àti oníṣòwò ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà kan, wọ́n ń sin ọmọbìnrin ọba lọ sílé ọkọ. Èrò náà pọ̀ débi pé ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́, wọn ò kọjá tán. Ìyá tó bí ìyá-ńlá Màmá Hara ló ń se ìrẹsì fún wọn, kò sì fi nǹkan kan ẹnu títí ẹni ìkẹyìn fi lọ.

"Òfin ilé wa nìyẹn," ni Aaron wí. "Onílé kì í jẹun ṣáájú àlejò."

Morọ́láyọ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀: nọ́ọ̀sì, agbálẹ̀, àwọn tó wá kí aláìsàn, gbogbo wọn ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Èrò ni wọ́n lójú ìyá yìí, kò sì sí èyí tó yà jẹun. Ó lọ gbé ìrẹsì tirẹ̀ wá, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó sì jókòó ti tábìlì.

Màmá Hara gbójú sókè. "Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ṣakí ni, Màmá."

"Ṣé ó jìn?"

"Ó jìn gan-an."

"Á ti rẹ̀ ọ́. Jẹun."

Láti ọjọ́ tí Morọ́láyọ̀ ti wọ Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ò tíì kí i kú ìrìn. Ó jẹ ìrẹsì náà tán. Màmá Hara ń wò ó títí abọ́ fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ó fa oúnjẹ tirẹ̀ mọ́ra, ó mú ṣíbí.

Aaron bojú. Ẹnìkan ń pe Morọ́láyọ̀ níta, ṣùgbọ́n kò dìde. Àlejò ni, ó dúró kí onílé jẹun tán.