Bàtà Tí Gbéminíyì Yàn

Láolú ń fò nísàlẹ̀ omi. Bẹ́ẹ̀ ni o, ó ń fò! Gbéminíyì, ìyàwó rẹ̀, jókòó sétí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, ó ń wò ó bó ṣe ń kọjá. Oòrùn àárọ̀ ń jó lórí táìlì ìsàlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí obìnrin náà gbàgbé pé ọjọ́ iṣẹ́ ni.

Fíìnì tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ Láolú, bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń sọ ẹsẹ̀ ènìyàn di ti pẹ́pẹ́yẹ, èyí tí àwọn tó ń wọ abẹ́ omi fi ń ti ara wọn síwájú. Búlúù ni, ó gùn, ó le, ó sì ní okùn oníbọ́kù, irin ìdè bíi ti bẹ́líìtì, tó ń dì í mọ́ gìgísẹ̀. Sapele Road ló ti rà á lọ́wọ́ àwọn oní-tòkunbọ̀. Látìgbà náà, àfi bíi pé kó gbé e sùn.

"Dádì Ṣèyí, ẹ jáde, Ọ̀gá ń retí wa."

Ó yọrí, ó tu omi dànù, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Èyí lo máa yàn fún mi lónìí o!"

Ọ̀gá Jayéọlá, ọmọ Ìlàjẹ tó gbà wọ́n síṣẹ́ yíyọ ohun tó bá rì sínú omi, ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ẹni tó máa di okùn tí wọ́n so mọ́ òmùwẹ̀ mú lókè ló ń yan bàtà fún ẹni tó ń wọ omi. Ó ní ohun tó wu ẹni tó fẹ́ wọ omi nìkan ló máa ń rò, kò lè yàn dáadáa. Ọdún mẹ́ta ni Gbéminíyì ti ń ká okùn, tó ń gbé sìlíńdà atẹ́gùn. Òní ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó yàn.

Nígbà tí wọ́n dé odò Ovia, òjò oṣù kẹsàn-án ti mú un kún bámúbámú. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan ló rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá, òun ni wọ́n wá yọ. Ọ̀gá to bàtà mẹ́ta sórí pákó ọkọ̀: fíìnì búlúù náà, fíìnì dúdú kan tó kúrú tí kò ní okùn kankan, àti bàtà kánfáàsì tí wọ́n rán òjé mọ́, èyí tí wọ́n fi ń rìn nísàlẹ̀ odò.

"Omi ń sáré," ni Ọ̀gá wí. "Àwọn apẹja sì ti dẹ àwọ̀n sídìí òpó yẹn. Ó yá, yàn."

Gbéminíyì mọ̀ pé omi tó ń sáré ń fẹ́ fíìnì tó le. Ó gbọ́ ti àwọ̀n náà, kò ní òun ò gbọ́. Àmọ́ Láolú ti ń rẹ́rìn-ín sí i, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé lọ́jọ́ ọdún. Ta ló fẹ́ ba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́?

"Búlúù," ó ní.

Ọ̀gá so okùn mọ́ Láolú níbàdí, ó fi ìyókù lé Gbéminíyì lọ́wọ́. Láolú sì wọ omi lọ.

Okùn ń rọra yọ́ kúrò lọ́wọ́ Gbéminíyì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fà á lọ sójú àlá. Ariwo ọkọ̀ lórí afárá ń jìnnà sí i. Ó di ojú, ó sì rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, nínú omi kan tó mọ́ gaara, àwọn méjèèjì ń fò, kò sẹ́ni tó ń mí. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé okùn ti dúró.

Ó fà á lẹ́ẹ̀kan láti béèrè bóyá àlàáfíà ni. Kò sí èsì. Ó tún fà á.

"Yéè! Láolú o!" Ó fẹ́ fi gbogbo agbára fà á, Ọ̀gá sì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fà á! Tó bá jẹ́ àwọ̀n ló mú un, ṣe lo máa dì í pa. Dúró."

Wọ́n dúró. Ẹ má bi mí bó ṣe pẹ́ tó, Gbéminíyì fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Nígbà tó ṣe, okùn mì lẹ́ẹ̀mẹta, àmì pé kí wọ́n fa òun sókè, wọ́n sì wọ́ ọ sókè. Fíìnì kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ Láolú. Àwọ̀n ti há mọ́ bọ́kù ti ìkejì, inú òkùnkùn ló ti fi ọ̀bẹ gé okùn gìgísẹ̀ fíìnì náà, ó sì gé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó bi omi sílẹ̀. Gbéminíyì ń sunkún, ó ń fi aṣọ di ọgbẹ́ náà. "Ojú yín ni mo wò! Ojú yín ni mo wò tí mo fi yàn án!"

"Mo mọ̀," ni Láolú wí.

Ọ̀gá jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ́ńjìnnì ṣì wà nísàlẹ̀. Gbéminíyì, yàn fún un, tàbí kó o ní kó má lọ. Ohun tó o bá sọ la máa ṣe."

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Láolú mọ̀ọ́mọ̀ di ojú.

Kò wá sí ohun tó máa wò mọ́ àfi omi. Àṣé látìgbà tí wọ́n ti dé, kò tíì wò ó rí! Ó rí bó ṣe ń yí po nídìí òpó, ó rí àwọn ike funfun tí àwọn apẹja so mọ́ àwọ̀n, méje, tí wọ́n ń rì tí wọ́n ń léfòó. Wọ́n ti wà níbẹ̀ látàárọ̀.

"Kò lọ mọ́ lónìí," ó ní, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.