Ọfà Tó Ń Rìn Fúnra Rẹ̀

Obìnrin kan wà tó ń ya àwòrán ilé, inú yàrá ìgbàlejò rẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà nínú ilé ni gbogbo àwòrán tí àwọn bíríkìlà ń wò kọ́lé ti ń jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tó jókòó tì í tí kì í kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, nítorí gbogbo ará ilé ló ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà yìí, ààbò náà ló sì fẹ́ẹ̀ pa á.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ kí eruku bà á. Bí ìyàwó bá ti dìde báyìí, màmá á fa aṣọ ìbora tó nípọn bò ó, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ìyàwó tó padà dé, ara kọ̀ǹpútà á ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù, á máa hó fùùù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ihò ẹ̀yìn rẹ̀ yìí ló fi ń mí. Ẹ má dí i nímú."

"O ń gbálẹ̀ lójoojúmọ́, eruku ò tán. Mo wá bá ẹ bò ó, ṣé mo ṣẹ̀ ni?"

Ìyàwó ká aṣọ náà kúrò.

Ti ọkọ tún wá burú ju ti ìyá lọ. Aago ló ń tún ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ìyẹn ló jẹ́ kó gbà pé kò sí ohun tó ní ẹ̀ńjìnnì tí òun ò lè wò sàn. Mo-ti-mọ̀-ọ́n làwọn aládùúgbò ń pè é. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kọ ọ́ sójú pé ewu ń bọ̀, kó tẹ ibí, á tẹ̀ ẹ́. Ó ti kó apakòkòrò, ètò tó ń lé kòkòrò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lóríṣiríṣi sínú rẹ̀, gbogbo wọn sì ń bára wọn jà, títí kọ̀ǹpútà fi ń wọ́ bí ìgbín. Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà bá ní òun fẹ́ ṣàtúnṣe ara òun, èyí tó yẹ kó gbà gan-an, á ní, "Ohun tí kò bàjẹ́, kí la fẹ́ tún ṣe níbẹ̀?"

Ìyàwó sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi bó; ẹ̀yìn igbá ló ń yín àgbàdo sí. Ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti kọ̀ǹpútà pa, ọkọ bínú. "Ṣé olè la jẹ́ nínú ilé yìí ni?" Nítorí àlàáfíà, ó sọ ọ́ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan dé. Àtẹ̀gùn ilé náà ló ń yà lọ́wọ́. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó ń bi mí pé ṣé mo gbà. Mo gbà, sà."

Ó yọjú. Ọkọ fi ọwọ́ kan mú fóònù, èkejì wà lórí itan. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ọfà kékeré ojú rẹ̀ ń rìn fúnra rẹ̀, ó ń ṣí ibi tí ìyàwó kó iṣẹ́ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tú àpótí aṣọ.

"Baálé mi, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ṣe jẹ́ẹ́! Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n ní kòkòrò ti kún inú rẹ̀, wọ́n ń bá wa ṣà á."

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

"Wọ́n rí i láti ọ̀hún ni."

Ìyàwó ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fo àga kọjá, ó fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, fàù! Ọfà dúró gbagidi.

"Ìwọ obìnrin yìí!" ni ọkọ figbe ta. "Wọn ò tíì parí!"

Ohùn ọkùnrin inú fóònù ń jáde síta, ó ń pariwo pé kí wọ́n dá wáyà padà kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Màmá, tó jókòó sí igun yàrá tó ti ń wòran láti ìbẹ̀rẹ̀, na ọwọ́ gba fóònù.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ ta ni ẹ́?"

Ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì lòun ti ń pè.

"Mo gbọ́. Ìyá tó bí ẹ ńkọ́? Ṣó mọ̀ pé ilé onílé lo wà lọ́sàn-án gangan?"

Fóònù kú.

Ìyàwó fi fóònù tirẹ̀ pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà, ó ti orí ti báńkì bẹ̀rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní ẹ̀dà nínú fúláàṣì. Àmọ́ àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ò sí níbẹ̀; ìjà tó ń bá àwọn apakòkòrò jà ò jẹ́ kó ráyè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kò ṣí mọ́. Àlejò orí fóònù ti bà á jẹ́.

Ó pòṣé, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ṣé kò síbi tí mo lè ti…" ni ọkọ bẹ̀rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ràn mí lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó nu inú kọ̀ǹpútà nù pátápátá, ó fi apakòkòrò kan péré síbẹ̀, ó sì la ọ̀nà àbáwọlé ọ̀tọ̀ fún ọkọ, níbi tó ti lè ka ìròyìn, tí kò ti lè fi ohunkóhun kún un. Ọkọ wò ó, kò jiyàn. Kò ṣe irú ẹ̀ rí.

Ìyàwó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀. Ọkọ fa àga sún mọ́ ọn, ó ń wo ìlà tó ń fà.

"Ibo ni aláìsàn á ti dì mú?"

"Mi ò tíì débẹ̀."

Ó ṣe díẹ̀, ọkọ tún la ẹnu. Ìyàwó ò wẹ̀yìn, ó kàn na ìka kan sókè. Ọkọ pa ẹnu dé.