Kọ́kọ́rọ́ Àpínkẹ́

Káfíńtà ni Ògúnyẹmí, ọmọ Ṣábẹ̀. Nígbà tí ìjọba àwọn ológun Kútọnu, àwọn tó ń pera wọn ní kàmáráàdì, ní kí ará àdúgbò máa dájọ́ ara wọn, àwọn ará Ladjifarani, àdúgbò tó ń gbé, fi í jẹ adájọ́, torí pé kì í purọ́. Orí ń kó o yọ nínú gbogbo ẹjọ́ títí ti Àbẹ̀ní fi dé.

Ọkọ Àbẹ̀ní kú. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, àbúrò ọkọ ní kó kó kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀, bí àṣà ti wí. Obìnrin náà ní òfin ńlá orílẹ̀-èdè sọ pé ọgbọọgba ni ọkùnrin àti obìnrin.

Ògúnyẹmí gba ọ̀dọ̀ Fọláránmi lọ, olùkọ́ ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, tó ti ka ìwé òfin dé láti Dàkáà tí kò rí ẹni bi í léèrè.

"Báwo làwọn adájọ́ ìlú míì ṣe ń ka òfin ńlá tiwọn?"

Inú Fọláránmi dùn. "Ẹ̀gbọ́n, ní Amẹ́ríkà, àwọn kan á béèrè pé kí ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Ní Kánádà, wọ́n ní igi tó ń dàgbà ni, ó lè yọ ẹ̀ka tuntun. Àwọn ti Íńdíà sọ pé ẹ̀tọ́ láti wà láàyè ju ká sáà máa mí lọ."

"Níbí ńkọ́?"

Fọláránmi kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnìkan ń gbọ́. "Kútọnu ló ń sọ ohun tó túmọ̀ sí. Àmọ́ Kútọnu ò mọ Àbẹ̀ní. Èwo lẹ fẹ́ nínú wọn?"

Ògúnyẹmí fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti gbà á lọ́wọ́ Àpínkẹ́, opó ẹ̀gbọ́n náà, ní Ṣábẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ni obìnrin náà wà tó fi fà á lé e lọ́wọ́.

"Èyí tó máa gba Àbẹ̀ní sílẹ̀, tí kò ní dé Ṣábẹ̀. Ṣebí ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Àwọn adájọ́ tí mo kà sílẹ̀ yẹn náà ní ilé tiwọn tí òfin ń dé, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, Ògúnyẹmí dá ẹjọ́ pé kí Àbẹ̀ní máa gbé ilé ọkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ fò dìde: "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ń ṣe nílé tiyín?"

Ojú ti Ògúnyẹmí. "Rárá," ló ní.

Ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Sátidé ló gbé e dé Ṣábẹ̀. Àpínkẹ́ fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, Ògúnyẹmí gbá a lápá mú, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Obìnrin náà wò ó títí. "Ọkọ mi, ta ló rán yín?"

"Ẹjọ́ tí mo dá fún ẹlòmíràn ni."