Òpó Baba Sùnmọ́nù

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Wọ́n kọ́ èmi Ṣùbòmí nílé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ní Pápá Àjàó, ọ̀gá mi, Jeffrey, ti kìlọ̀ láàárọ̀ pé bí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń fà ò bá dé òpó tó kẹ́yìn ládùúgbò náà kí aago mẹ́rin tó lù, kí n má wá síṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ kẹta tí mo rí lọ́dún yìí nìyẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Nígbà tí mo dé òpó náà, ó ti ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù. Julius tó yẹ kó bá mi di àkàbà mú ti lọ ra ẹ̀wà. Baba kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì nídìí òpó. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí ẹni tó ré ewúrẹ́ kọjá, mo gun òkè, mo fi bẹ́líìtì so ara mi mọ́ òpó.

Ìgbà tí mo máa wolẹ̀, àkàbà ti kúrò. Baba ti gbé e ti ògiri ilé wọn, wọ́n sì ti padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, àkàbà mi dà?"

"Òun nìyí. Èmi náà wà níbí, o ò rí mi."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ káàsán, sà."

"Ṣé orí òkè ni wọ́n ti ń kí àgbà nílé yín?"

"Ẹ gbé àkàbà wá, kí n lè sọ̀kalẹ̀ wá kí yín."

"Kọ́kọ́ kí mi ná."

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí mo bá kí wọn lókè, ìwọ̀sí ni. Bí mi ò bá kí wọn, òkè ni mo máa sùn. Inú ń bí mi gan-an, kí Baba tó ṣàlàyé.

"Èmi àti ìyàwó mi tó ti dolóògbé la ra òpó yìí. Àwa méjèèjì la po sìmẹ́ǹtì ìdí ẹ̀. Oníná gùn ún, onítẹlifóònù gùn ún, onípósítà gùn ún. Kò sẹ́ni tó tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ wa rí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo yí ìkọ́ bẹ́líìtì mi sẹ́yìn, mo fẹsẹ̀ ti òpó, mo sì na ara mi gbọọrọ sínú afẹ́fẹ́, mo dojú kọ ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lókè níbẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n sá.

"Baba, ẹ káàsán, sà. Mo wá tọrọ òpó yín."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni fóònù mi ti yọ́ bọ́ lápò, ó balẹ̀ sórí itan wọn, ó sì ń dún. Baba tẹ̀ ẹ́. Ohùn Jeffrey gba gbogbo àdúgbò.

"Ṣùbòmí, aago mẹ́rin ti lù o. Ó yá, máa lọ sílé."

"Èmi ni mo dá a dúró," ni Baba wí. "Èmi Sùnmọ́nù tí mo ni òpó. Ọmọ yìí nìkan ló tíì bẹ̀ mí kó tó lò ó, òun nìkan ni kó sì máa gùn ún. Bí o bá lé e, wá ká wáyà ẹ."

Ohùn Jeffrey rọ̀. "Ẹ má bínú, sà. Kó máa bá iṣẹ́ lọ."

Baba gbé àkàbà padà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú títí mo fi so wáyà tán. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan ilẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mi ò tètè lè dìde.

"Dìde, ọmọ mi," ni Baba wí. "Ká ní ìyàwó mi ṣì wà ni, ì bá ti bu omi fún ẹ."

Wọ́n wá wọlé lọ bu omi náà fúnra wọn.