Wòlíì Oníbàtà

"Ẹ̀rín kí lẹ ń rín? Ẹ̀mí àìmọ́ ló wọ inú ọmọbìnrin yẹn!"

Àkànjí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Agó-Ìwòyè. Ó gbé fíìmù tó ṣe nípa ọmọbìnrin náà àti wòlíì kan wá kí Ìyá Ìjọ wò ó, bóyá wọ́n á jẹ́ kó fi hàn lọ́jọ́ ìsọjí.

Sípórà, tó ń ta ẹja yíyan láti Ibiade, nu omijé ẹ̀rín nù. "Ẹ̀mí àìmọ́ wo ló ń dúró kí wòlíì parí ìpè fóònù? Inú omi Ẹ̀fìrẹ̀ ló ti wá, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ! Ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ ńkọ́? Tòmátò lílọ̀ ni, mo rí kóró rẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀."

"Owó ni ò tó, Àǹtí!"

"Ṣé owó ló ní kí wòlíì rẹ wọ sùtánà kó tún wọ bàtà? Àwa tá à ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́, ṣé òmùgọ̀ ni wá? Bí ẹ̀mí bá sá fún wòlíì yẹn, ẹ̀rù kọ́, ìtìjú ló lé e lọ."

Àkànjí dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ìjọ. "Ẹ dákun, Yèyé, mo ti lẹ ìwé ìkéde dé Awà."

Ìyá Ìjọ ní, "Dìde, ọmọ mi. A gbà á."

Ó fò dìde. "Lọ́jọ́ ìsọjí, mà?"

"Rárá o. Ọjọ́ àríyá àwọn ọmọdé. Kí wọ́n rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín kí oúnjẹ tó jinná."